Ibi tí ọ́ìlì ti ń kán kọ́ ló ti ń jò: ohun tí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kọ́ mi

Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá, tí àwọn ará Brazil ń pè ní Fusca, kì í ṣe ọkọ̀ tó ṣòro tún ṣe. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lo omi, kò ní rédíétọ̀, sípánà mélòó kan pẹ̀lú sùúrù sì tó láti tú u palẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí ọ̀kan tí abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Àwọn mẹkáníìkì kan á ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Mi ò gbà. Òótọ́ ni pé ó máa ń làágùn díẹ̀, nítorí pé awẹ́ méjì ni kéèsì rẹ̀, ìyẹn ilé irin tó gbé inú ẹ́ńjìnnì ró, tí wọ́n fi bóòtù so pọ̀ láìsí gásíkẹ́ẹ̀tì (bébà tàbí kọ́ọ̀kì tó ń dí ìjò) kankan láàárín. Ṣùgbọ́n kí ó máa kán títí tí ẹ ó fi máa tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́, ohun kan ló ń fà á, ohun náà sì ṣeé rí.

Àṣìṣe tó ń náni lówó jù nìyí: wọ́n rí ọ́ìlì níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì, wọ́n ní ọ́ìlì síìlì fúláíwíìlì ti lọ, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ lẹ́bàá àwo irin wúwo tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, wọ́n pààrọ̀ síìlì, wọ́n gbé e padà, ọ́ìlì sì tún ń kán níbi tó ti ń kán tẹ́lẹ̀. Òkè ló ti ń ṣàn bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé abẹ́ páànù tó ń jò rí yóò mọ̀ ọ́n: ihò lè wà lápá ibí, kí omi tẹ̀ lé igi àjà kó lọ kán sórí bẹ́ẹ̀dì lápá ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ́ìlì ṣe ń tẹ̀ lé etí kéèsì. Fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnnì yìí lára ń fẹ́ ẹ káàkiri, afẹ́fẹ́ abẹ́ ọkọ̀ sì ń fà á sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá ń sáré.

Kí a má baà ṣi ara wa gbọ́: bí mo bá ní "iwájú" níbí, iwájú ọkọ̀ ni mo ń sọ. Ẹ́ńjìnnì wà nídìí ọkọ̀, nítorí náà fúláíwíìlì ló wà níwájú, púlì wà lẹ́yìn. Òsì àti ọ̀tún jẹ́ ti ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tó kọjú síwájú. Sílíńdà 1 àti 2 wà lọ́tùn-ún, 3 àti 4 wà lósì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jò gan-an. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ máa ń dúdú, ó máa ń ṣàn, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ohun tó jóná. Ọ́ìlì gíà ki jù ú lọ, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti oyin, òórùn rẹ̀ sì máa ń já bí imí ọjọ́. Bó bá jẹ́ òun lẹ rí, ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀: síìlì ṣáàfù tó ti gíábọ́ọ̀sì wọ inú kílọ́ọ̀ṣì ni, tàbí, lára àwọn Ìjàpá tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn máa ń yẹ̀, bàtà rọ́bà tó bo ìdí áàsù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì ló ti sán. Bàtà rọ́bà yìí ti jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣẹ̀. Bí gééjì ọ́ìlì bá sì ń rùn bí pẹtiróòlù, tí ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ń pọ̀ sí i dípò kó dínkù, awọ inú páńpù pẹtiróòlù ló ya. Ẹ má wakọ̀ náà mọ́. Ọ́ìlì tí pẹtiróòlù ti là kò lè dáàbò bo béárìn, iná sì lè ràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, fífọ̀. Mi ò mọ ọ̀nà àbùjá kankan níbí. Kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù we ẹnu kábúrétọ̀, dísítíríbútọ̀, kọ́ìlì àti jẹnẹrétọ̀. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi bo gbogbo ibi tó ní ìdọ̀tí, kì í ṣe pẹtiróòlù láéláé. Ẹ jẹ́ kó rin ín fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá fi ọṣẹ lúlúbú àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣàn án pẹ̀lú họ́ọ̀sì tí omi rẹ̀ kò le. Ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tí omi rẹ̀ ń ta bí ọta lè ti ìdọ̀tí wọ inú síìlì tó ṣì dára.

Nígbà tó bá gbẹ, ẹ wa ọkọ̀ náà fún kìlómítà 15 sí 20 kó gbóná dáadáa, kí ẹ gbé e sórí páálí funfun tó tẹ́jú. Ẹ sàmì sí ibi tí táyà ẹ̀yìn méjèèjì dúró lé lórí ilẹ̀, kí ẹ lè mọ apá ibi tí ìkán kọ̀ọ̀kan bọ́ sí lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré. Ibi tó lọ́ọ́ìlì tó sì ga jù lọ lẹ ń wá. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kàn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Níbi tó bá rú yín lójú, ẹ wọ́n pọ́dà sí i, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú 5. Ọ́ìlì á fa ìlà dúdú sínú pọ́dà náà, ìlà ọ̀hún á sì mú yín dé orísun rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan síìlì kankan, ẹ wo ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Gáàsì díẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì písítìn bọ́ sínú ikùn ẹ́ńjìnnì, ó sì gbọ́dọ̀ jáde. Lára Ìjàpá, ọrùn tí a ń da ọ́ìlì sí ló ń gbà jáde: họ́ọ̀sì kan ti ibẹ̀ lọ sí éà fílítà, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì sọ̀ kalẹ̀ tó ní ẹnu rọ́bà nísàlẹ̀, tí omi inú ń gbà kán dànù. Bí họ́ọ̀sì yẹn bá ká lọ́rùn, tàbí tí ìdọ̀tí bíi ògì bá dí páìpù náà, gáàsì á máa wá ọ̀nà míì, ọ̀nà tó bá sì rí, ọ́ìlì ni yóò gbé jáde níbẹ̀. Ẹ ó pààrọ̀ síìlì títí ẹ ó fi sú. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kò ní tán léèékánná.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra ṣiṣẹ́, ẹ fi bébà fẹ́lẹ́ lé ẹnu ibẹ̀. Kí ó máa gbọ̀n díẹ̀ dára. Bó bá fẹ́ bébà náà dànù, tí èéfín ń rú tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń mu tábà, tí họ́ọ̀sì kò sì dí, ríǹgì písítìn ló ti jẹ. Ẹ wọn ìtẹ̀ (kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n) sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí gásíkẹ́ẹ̀tì, nítorí písítìn àti sílíńdà tuntun ló ń bọ̀.

Ohun kejì tó jọ ọ́ rọrùn débi pé àgbàlagbà kì í fẹ́ gbọ́ ọ: ọ́ìlì tó pọ̀ jù. Lítà 2.5 péré ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà. Kẹ́ẹ̀gì lítà 4 ló pọ̀ lọ́jà, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń dà á tán sínú rẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ ìgbàlódé nìyẹn. Kíráńkì, ọ̀pá tí písítìn ń yí, á máa lu ọ́ìlì náà di ìfófòó, á sì máa ti ẹ̀yìn púlì tú jáde. Kí ọkọ̀ dúró síbi tó tẹ́jú, kí ẹ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó fa gééjì. Ọ́ìlì kò gbọdọ̀ kọjá ìlà òkè. Ní ti irú rẹ̀, nínú oòrùn tiwa, SAE 40 tàbí 20W-50 ni mo máa ń lò. Ọ́ìlì 5W-30 tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tuntun fúyẹ́ jù fún un. Á rí ojú ihò tí ẹ̀yin kò tíì rí.

Ó kù kí a máa ti òkè bọ̀ nísàlẹ̀.

Súìsì iná ọ́ìlì ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ tọ́, lápá òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísítíríbútọ̀, ibi tí wáyà kan ṣoṣo wọ̀. Ìdí rẹ̀ jẹ́ irin, orí rẹ̀ jẹ́ pílásítíìkì, àárín àwọn méjèèjì ló sì máa ń là. Ẹ fa wáyà rẹ̀ yọ: bí inú ẹnu wáyà bá lọ́ọ́ìlì, ó ti parí. Ọ́ìlì rẹ̀ máa ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ kéèsì lọ síwájú, á wá kán lábẹ́ ilé kílọ́ọ̀ṣì, á sì jọ síìlì fúláíwíìlì bí ìbejì. Nínú gbogbo ohun tó ń jò lára Ìjàpá, èyí ló rọ̀ jù lówó, òun ni wọ́n sì máa ń wò kẹ́yìn. Bí ẹ bá ń fi tuntun sí i, ẹ rántí pé ẹ̀yà rẹ̀ (ìlà tí a fi ń yí i wọlé) ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń wọlé. Bí ẹ bá fi gbogbo agbára dì í, ara kéèsì ni yóò là. Kó ṣáà ti mú, ó tó.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni rọ́bà róbótó tó wà nídìí dísítíríbútọ̀ àti gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí páńpù pẹtiróòlù. Iṣẹ́ kékeré ni, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ sí i ju pé kí ẹ má fi gásíkẹ́ẹ̀tì kún gásíkẹ́ẹ̀tì lábẹ́ páńpù. Bí ó bá ga jù, ọ̀pá tó ń tì í kò ní tì í dé ibi tó yẹ, pẹtiróòlù kò sì ní dé kábúrétọ̀ tó.

Kúlà ọ́ìlì, ohun tó ń tu ọ́ìlì lára, ni olórí ẹlẹ́tàn. Ó dúró lórí kéèsì lápá òsì nínú ilé fáànù, orí rọ́bà méjì ló jókòó lé. Bí rọ́bà yẹn bá gan, fáànù á fẹ́ ọ́ìlì sórí sílíńdà 3 àti 4, á máa jóná níbẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì gba ọ̀nà híítà wọ inú ọkọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn ọ́ìlì sísun nínú ọkọ̀, tí apá òsì lọ́ọ́ìlì tí apá ọ̀tún gbẹ, ẹ fura sí kúlà. Láti rí i, ẹ ní láti yọ ilé fáànù. Àwọn kan ń gbé e sókè láìsọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Mo ti rí i pé wákàtí tí wọ́n rò pé àwọn jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á fi wá nọ́ọ̀tì tó já bọ́ sáàárín irin. Mo máa ń sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ ní tèmi.

Ohun méjì ló máa ń ba iṣẹ́ kúlà jẹ́. Èkíní ni ìwọ̀n rọ́bà. Ihò ọ́ìlì ara kéèsì àti ti kúlà jẹ́ mílímítà 8 tẹ́lẹ̀. Láti bí 1970 ni wọ́n ti sọ ọ́ di 10. Lónìí, ẹ́ńjìnnì tí a ń rí ti di àdàlú: kéèsì ọdún yìí, kúlà ọdún yẹn, tọ́kúnbọ̀ lórí tọ́kúnbọ̀. Rọ́bà mílímítà 8 lórí ihò 10 kò lè dì í. Rọ́bà kan wà tí apá kan rẹ̀ jẹ́ 8 tí apá kejì jẹ́ 10, òun lẹ ó lò bí kúlà àti kéèsì kò bá jọ jẹ́ ojúgbà. Ẹ wọn ihò méjèèjì kí ẹ tó lọ sọ́jà. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó dì í mú kò fẹ́ ju 7 Nm lọ (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì).

Èkejì ni fáàfù tó ń dín agbára ọ́ìlì kù. Bóòtù ńlá tí orí rẹ̀ ní ìlà fún sukudiráfà wà lábẹ́ kéèsì lápá òsì nítòsí púlì. Sípíríǹgì àti písítìn kékeré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí písítìn yìí bá há, ní àárọ̀ tí ọ́ìlì ṣì ki, agbára páńpù á lọ tààrà sí kúlà, á fọ́ ọ tàbí kó ti rọ́bà rẹ̀ dànù. Nítorí náà, kúlà tó bẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ kàn pààrọ̀. Ẹ tú fáàfù náà, ẹ rí i pé písítìn rẹ̀ ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹ fa á. Láti 1970 ni kéèsì míì ti ní fáàfù méjì, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú. Ẹ wo méjèèjì.

Ní ẹ̀yìn, lábẹ́ púlì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kò sí ọ́ìlì síìlì kankan níbẹ̀. Ìlà bíi ti ara bóòtù tí wọ́n gé sára ìdí púlì ló ń yí ọ́ìlì padà sínú bí kíráńkì ti ń yí. Ìdí nìyẹn tí ikùn ẹ́ńjìnnì tí kò mí dáadáa fi máa ń kọ́kọ́ fi ara hàn níbẹ̀. Bí púlì bá ń jò, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ bébà tí mo sọ lókè. Àwọn kan máa ń ní kí wọ́n gé kéèsì láti fi síìlì gidi sí i. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é láìtún ríǹgì ṣe kàn lé ọ́ìlì lọ sí ẹnu ọ̀nà mìíràn ni. Ìdérí páńpù ọ́ìlì náà wà nítòsí, lẹ́yìn púlì. Gásíkẹ́ẹ̀tì bébà fẹ́lẹ́ ló ń lò. Ẹ má gé èyí tó nípọn láti inú páálí bí àwọn kan ti ń ṣe, nítorí àlàfo tó máa wà láàárín eyín páńpù àti ìdérí kò yẹ kó ju mílímítà 0.1 lọ, bó bá jù bẹ́ẹ̀, agbára ọ́ìlì á wálẹ̀, iná pupa á sì máa ṣẹ́jú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná.

Ìdérí táápẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún ọ̀kan lápá òsì, wáyà nínípọn kan ló ń tẹ̀ wọ́n mọ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà. Gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́ọ̀kì ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi gọ́ọ̀mù sí ojú méjèèjì, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí wọ́n bá fẹ́ tún fáàfù ṣe, wọ́n á fi ṣìsẹ́lì wú u. Ojú kan ṣoṣo ni kí ẹ fi gọ́ọ̀mù sí, èyí tó kọjú sí ìdérí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú lábẹ́ ohun tó wúwo, kí ẹ sì fi gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ pa ojú kejì. Ẹ má tẹ wáyà náà láti fi mú kó le sí i. Ìdérí tó ti wọ́ ni kí ẹ nà, tàbí kí ẹ ra òmíràn.

Páìpù 8 ló bo púṣírọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀pá tó ń ti fáàfù ṣí: mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ sílíńdà. Irin fẹ́lẹ́ ni wọ́n, tí orí àti ìdí wọn ká bí dùùrù alápòó, rọ́bà sì wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ooru sàlẹ́ńsà ń gan rọ́bà náà, ìpẹtà sì ń jẹ páìpù fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ fi là sílẹ̀ ni kí a tú tọ́ọ̀pù sílíńdà. Lára ẹ́ńjìnnì oní sísì 1300 sí 1600, ẹ ó kọ́kọ́ na páìpù kọ̀ọ̀kan títí tí gígùn rẹ̀ yóò fi jẹ́ mílímítà 190 sí 191, kí ó lè tẹ rọ́bà nígbà tí tọ́ọ̀pù bá padà sílé. Èyí tí wọn kò nà ni yóò jò lọ́sẹ̀ kejì. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sókè, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà. Nọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà jẹ́ 32 Nm fún sítọ́ọ̀dù (ọ̀pá irin tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀) mílímítà 10, àti 25 Nm fún ti 8, ní ìtẹ̀léra tí ìwé ọkọ̀ sọ, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó bá jẹ́ páìpù kan tàbí méjì péré ló ń jò, páìpù onísípíríǹgì tó ń kì wọ ara rẹ̀ wà lọ́jà. Ẹ yọ ìdérí táápẹ́ẹ̀tì àti ọ̀pá rọ́kà, ẹ fa púṣírọ́ọ̀dù jáde, ẹ gé páìpù àtijọ́ kúrò, ẹ tẹ tuntun pọ̀, kí ẹ jẹ́ kó nà sáyè rẹ̀. Ẹ nu ojú ihò méjèèjì gbẹ kí rọ́bà tó wọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀tì ọ̀pá rọ́kà jẹ́ 25 Nm, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún fáàfù wọn sí mílímítà 0.15 nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Rọ́bà sílíkóònì dára ju dúdú lásán lọ níbí. Ìyàtọ̀ owó wọn kò tó nǹkan, ìyàtọ̀ ọjọ́ wọn pọ̀.

Nísàlẹ̀ pátápátá ni àwo róbótó tó mú asẹ́ ọ́ìlì dúró, nọ́ọ̀tì 6 tó dé lórí, sítọ́ọ̀dù mílímítà 6. Mẹkáníìkì tó bá lágbára ni ọ̀tá àwo yìí. 7 Nm péré ni nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ń fẹ́, ìyẹn ohun tí ọwọ́ kan lè ṣe pẹ̀lú sípánà kékeré. Kéèsì jẹ́ àdàpọ̀ irin tó rọ̀, tó fúyẹ́. Bí ẹ bá fà á jù, sítọ́ọ̀dù á fa ẹ̀yà rẹ̀ jáde. Àwo náà á sì tẹ̀ yíká ihò nọ́ọ̀tì, á wá máa jò láàárín, ni ẹni náà á bá tún fà á sí i. Ẹ gbé àwo náà sórí irin tó tẹ́jú, ẹ fi òòlù kékeré tẹ́ ẹ. Gásíkẹ́ẹ̀tì bébà méjì, ọ̀kan lókè asẹ́ ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀, àti wáṣà bàbà tuntun 6. Wáṣà bàbà yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́: ọ́ìlì lè gba ẹ̀yà sítọ́ọ̀dù sọ̀ kalẹ̀, òun ló ń dí i. Sítọ́ọ̀dù tó ti fa ẹ̀yà, ẹ ra irú èyí tí apá kan rẹ̀ jẹ́ 8 tí apá kejì jẹ́ 6.

Níbí gan-an ni mo ti kọ́ láti bẹ̀rù gọ́ọ̀mù. Ohun tí ẹ bá rí tó yọ síta, ìlọ́po rẹ̀ ti yọ sínú. Á ya, á bọ́ sórí asẹ́, á dí ẹnu páìpù tí páńpù fi ń fa ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì tí kò jò mọ́ tí béárìn rẹ̀ kú, kí ni èrè rẹ̀?

Bí ẹ bá ti wo gbogbo èyí tí wọ́n gbẹ, tí ilé kílọ́ọ̀ṣì nìkan sì ń kán, a lè wá sọ ti fúláíwíìlì. Kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó sì máa fi í sílẹ̀, kí ẹ̀yin máa wo púlì. Bí púlì bá ń wọlé tó ń jáde débi tí ojú lè rí i, kíráńkì ti ní àyè jù, mílímítà 0.07 sí 0.13 ló yẹ kó jẹ́, 0.15 sì ni òpin. Síìlì tuntun lórí kíráńkì tó ń jó báyìí kò lè pẹ́.

Ẹ́ńjìnnì náà wúwo tó kìlógíráàmù 100, bóòtù àti nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Ẹ yọ bátìrì, ẹ fún họ́ọ̀sì pẹtiróòlù pa, ẹ tú wáyà kábúrétọ̀ àti ti híítà, kí jáàkì onítáyà wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ sì dúró lórí irin ìdúró, kì í ṣe lórí búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù máa ń fọ́ láìkìlọ̀.

Nígbà tí fúláíwíìlì bá hàn, ẹ má tíì nu nǹkan kan. Bí ọ́ìlì ṣe tàn ká ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá tú ká yípo bí ìtànṣán, síìlì ńlá ni. Bó bá jẹ́ àárín fúláíwíìlì, nídìí nọ́ọ̀tì ńlá, ló lọ́ọ́ìlì, ríǹgì rọ́bà inú fúláíwíìlì ni. Àwọn ti àtijọ́ ní gásíkẹ́ẹ̀tì dípò ríǹgì yìí. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ fúláíwíìlì nìkan ló lọ́ọ́ìlì, tí òkè gbẹ, ìdérí ẹnu káàmù (ọ̀pá tó ń darí fáàfù) ni. Èyí burú jù, nítorí ìgbà tí wọ́n ń pa awẹ́ kéèsì méjì pọ̀ ni wọ́n ń fi í sí i. Àwọn kan ń fi gọ́ọ̀mù dí i láti ìta. Kò ní di mú àfi bí ibẹ̀ bá gbẹ pátápátá láìsí òróró kankan.

Nọ́ọ̀tì tó ń gba sípánà mílímítà 36 ló wà láàárín fúláíwíìlì. Ẹ sàmì sí fúláíwíìlì àti kíráńkì kí ẹ tó yọ ọ́, kó lè padà síbi tó wà. Ẹ wo ara fúláíwíìlì níbi tí ètè síìlì ti ń fọwọ́ kàn án: bí èékánná bá há sí ìlà níbẹ̀, síìlì tuntun kò ní dì í mú. Sáńpépà tó kúnná lè yọ ìlà tó fẹ́lẹ́.

Wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ló ń ṣètò àyè kíráńkì. Ẹ kọ́kọ́ fi méjì péré sí i láìsí síìlì, láìsí ríǹgì rọ́bà, ẹ di fúláíwíìlì, kí ẹ fi gééjì olójú aago wọn àyè tó kù. Ẹ yọ 0.10 kúrò nínú ohun tó bá sọ. Ohun tó kù ni ìnípọn wáṣà kẹta. Bí gééjì bá ní 0.44, ẹ wá wáṣà 0.34. Lẹ́yìn náà ni síìlì: kí ihò rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ètè rẹ̀ kọjú sí inú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ọ́ìlì pa á, kí ẹ sì rọra tẹ̀ ẹ́ yíká yíká títí yóò fi jókòó lé ìdí ihò rẹ̀ láìtẹ̀ sí apá kan. Òòlù lápá kan ni bàbá àbùkù níbí.

Nọ́ọ̀tì 36 yẹn fẹ́ tó 350 Nm. Sípánà tọ́ọ̀kì tó ká a wọ́n, ṣùgbọ́n ìṣirò wà: ẹni tó wúwo tó kìlógíráàmù 70 tó dúró lórí páìpù tó nà gbalaja, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 50 sí àárín nọ́ọ̀tì, ti fi bíi 343 Nm sí i.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ti padà sílé, ẹ da lítà 2.5, ẹ fa wáyà àárín kọ́ìlì yọ, kí ẹ yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú sítátà títí iná ọ́ìlì fi kú, kí ẹ tó tan án. Lẹ́yìn kìlómítà 500, ẹ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì àwo ìsàlẹ̀, ẹ kàn fọwọ́ kàn án ni. Kí ẹ tún tẹ́ páálí funfun yẹn sábẹ́ rẹ̀. Bí ìkán kan bá wà lórí rẹ̀ ní àárọ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti apá ibi tó wà sára páálí náà, kí ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wé e kí ẹ tó gbé sípánà.